Ẹ́ńjìnnì Ikúmápàyí

Wọn ò tíì rìn jìnnà sí Báyékù tí ẹ́ńjìnnì fi wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún gbéra, Àkànó sì gbójú sókè.

Márùn-ún ni wọ́n nínú ọkọ̀. Ikúmápàyí, apẹja Ìlàjẹ tó ni ọkọ̀, ló ń tù ú lẹ́yìn. Ìyá Waliyat tó ń ta ẹja jókòó síwájú pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àárín ni Àkànó wà pẹ̀lú Tabitha ìyàwó rẹ̀, Ẹwàolúwa ọmọ wọn sì wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ọdún méje gbáko ni wọ́n fi wá a kí wọ́n tó bí i, òun nìkan náà ni wọ́n sì ní.

Ikọ́ fée ló ń ṣe é. Ilé ìyá Tabitha ni wọ́n ti lọ lo òpin ọ̀sẹ̀, àfi bí ikọ́ ṣe gbé e ní ìdájí. Oògùn tó máa ń fà sẹ́nu ti tán. Dókítà tó mọ̀ ọ́n wà ní Abúlé Òkúta, omi sì yá ju títì lọ. Ikúmápàyí ò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n bẹ òun kó tó ní kí wọ́n wọlé.

Ẹ́ńjìnnì tún wúkọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kú.

"Ẹ̀rù ò bà mí o," ni Ìyá Waliyat wí. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àkànó wà ńbí."

Òótọ́ ló sọ. Àkànó ló ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe létí omi Ìlàjẹ. Àwọn apẹja ibẹ̀ kì í jẹ́ kọ́wọ́ méjì wọ ẹ́ńjìnnì kan. Mẹkáníìkì tó bá kọ́kọ́ ṣí i ni yóò máa ṣí i lọ. Ti Ikúmápàyí ti dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún láti ìgbà òjò, kò sì sí èyí tí kò rí àrùn rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ̀bà tán.

Ó sún lọ sẹ́yìn.

"Ẹ bá mi lọ di ọmọ yẹn mú, bọ̀ọ̀dá," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n dá wò ó."

"Ìyá ẹ̀ ti dì í mú. Màá bá ẹ gbá ìdérí ẹ́ńjìnnì yìí mú, kó má bọ́ sómi," ni Ikúmápàyí wí.

Àkànó tú púlọ́ọ̀gì. Ó nù ún, ó wò ó lójú oòrùn, ó dá a padà. Ó fa okùn. Ẹ́ńjìnnì ta, ó sáré díẹ̀, ó kú.

"Bí ẹni tébi ń pa ló ń ṣe," ni Ikúmápàyí wí. "Àbí páìpù epo ni?"

"Páìpù tuntun ni, sà. Ọjọ́bọ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀."

"Lóòótọ́. Bó bá jẹ́ Mùíz ló tún un ṣe ni, ǹ bá ní jìbìtì ni. O rántí bá a ṣe dáná sun ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ nígbà tá a ká a mọ́ ọn pé ó ń ba ẹ́ńjìnnì wa jẹ́?"

"Mo rántí."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ da epo sí i. Olóòótọ́ ọmọ!"

Àkànó tú kábúrétọ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń to nǹkan sórí pátákó bí ẹni tó ń to ayò. Ó tú ohun tó ti tú lẹ́ẹ̀kan. Èémí ọmọ ń dún fíì, fíì lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Ẹwà, jọ̀ọ́," ni Tabitha wí. "Ètè ẹ̀ ń di dúdú."

"Gbogbo yín, ẹ kọjú síwájú," ni Àkànó pariwo. "Ọkọ̀ ń fì, mi ò lè ṣiṣẹ́!"

Àwọn obìnrin kọjú síwájú. Ikúmápàyí ò kúrò.

"Ojú mi ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹ," ló wí. "Bí nọ́ọ̀tì kan bá jábọ́ sómi, a ti gbé nìyẹn."

Ó ti fóònù Bámilóyè àbúrò rẹ̀ ní Ìlàjẹ, Bámilóyè sì ní òun ń bọ̀. Ìyá Waliyat mú àjẹ̀, ó ń wà á, afẹ́fẹ́ ń dá wọn padà. Wọ́n ń rí afárá ńlá lókèèrè. Kò sì sún mọ́ wọn.

Àkànó tún tú púlọ́ọ̀gì, ó nù ún. Omijé ń bọ́ sórí sípánà rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi," ni Ikúmápàyí wí. "O ń sapá. Gbogbo wa la rí i."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ lọ bá wọn wà á. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Ta ló máa wá gbá ìdérí mú?"

Fíì, fíì náà dáwọ́ dúró.

"Ẹwà!" ni Tabitha kígbe. "Ẹwà mi! Ẹ gbà mí o!"

Ikúmápàyí ju ìdérí sílẹ̀, ó fò kọjá pátákó. Ìyá Waliyat ju àjẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ sókè, wọ́n ń lù ú lẹ́yìn, wọ́n ń bomi sí i lójú, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Kò dáhùn. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn mọ́.

Ìgbà yẹn ni Àkànó yọ páìpù epo, ó fi ìkọ́ fa ègé fóòmù tóun fúnra rẹ̀ ti ki síbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ kí Ikúmápàyí lè tètè padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jù ú sómi, ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì sì ta.