Ojú Olóǹtẹ̀

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n wọ yàrá iṣẹ́ ayàwòrán láì kan ilẹ̀kùn, ó ju ìwé àwòrán ọ̀sẹ̀ náà sórí tábìlì.

"Àbúrò, ta nìyí?"

Ayàwòrán wo ìwé náà bí ẹni pé kì í ṣe òun ló yà á. Olóǹtẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀daràn tí gbogbo ọmọ iléèwé fẹ́ràn ju ọlọ́pàá tó ń lé e lọ. Akọ̀wé ọ́fíìsì ilẹ̀ lásán ni Olóǹtẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó jí òǹtẹ̀ ìjọba, ó fi lu ayédèrú ìwé, ilẹ̀ opó kan sì di ti olówó. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó mú òun, ọkàn rẹ̀ le. Òǹtẹ̀ náà wá di abàmì: ohunkóhun tó bá ti fi lù, tiẹ̀ ni. Ó ti lu afárá, ó ti lu ilé ìwòsàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òṣùpá ló lù, gbogbo ìlú wá ń bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kó yọ.

"Olóǹtẹ̀ ni, Aǹtí."

"Olóǹtẹ̀ wo? Ọkọ mi nìyí! Wo orí pípá ẹ̀. Wo èjí. O tiẹ̀ ya awò ojú ẹ̀ tó fi okùn so lápá kan. Háà! Ẹ̀wọ̀n tó wà yẹn ò tíì tó o ni?"

Ayàwòrán ò lè gbójú sókè. Ìtìjú bá a. Ọdún márùn-ún ni òun àti Ẹ̀gbọ́n fi jókòó nídìí tábìlì kan náà ní ọ́fíìsì ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ ọ níṣẹ́, tó ń pín oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ opó kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, adájọ́ sì ju Ẹ̀gbọ́n sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án. Ó ti lo mẹ́ta. Oṣù tí wọ́n dájọ́ náà ni ayàwòrán fiṣẹ́ sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán.

"Ọwọ́ mi ló kàn yà á bẹ́ẹ̀, Aǹtí. Ẹ má bínú."

"Ọwọ́ ẹ! Ẹsẹ̀ ẹ ò wá mọ ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n? Ọdún mẹ́ta, o ò lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òun sì rèé, kò yé béèrè ẹ. 'Àbúrò mi ńkọ́? Ṣé ó ti ríṣẹ́ gidi?' Mo ní iṣẹ́ gidi ló rí, ìwọ ló ń yà."

Ó jókòó, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní ọmọ òun obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ò lọ síléèwé lónìí, ó ní òun ò lọ mọ́. "Ọmọ Olóǹtẹ̀" ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti ń bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa gbé ìwé wọn pamọ́ kó má baà fi òǹtẹ̀ lù ú.

"Ó bi mí bóyá bàbá òun jalè."

"Ẹ sọ fún un pé kò jalè."

"Mo sọ fún un. Ó ní kí ló wá ń wá nínú ìwé?"

Ayàwòrán mú pẹ́ńsù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Obìnrin náà fi ìka sórí òǹtẹ̀ tó wà nínú àwòrán.

"O tiẹ̀ rántí pé etí ẹ̀ kán. Wọ́n tú ilé wa nítorí òǹtẹ̀ yìí, wọ́n ya tìmùtìmù, wọn ò rí i títí dòní. Ìwé kọ́kọ́rọ́ yẹn, tí orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ wà níbẹ̀, nìkan ni wọ́n rí dì mú."

Ìwé kan ni, tí ẹni tó bá ti àpótí òǹtẹ̀ kẹ́yìn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kó tó lọlé.

"A sì máa ń bá ara wa fọwọ́ sí i," ni ayàwòrán wí. "Ẹni tó bá ń kánjú, ẹnì kejì á fi orúkọ ara ẹ̀ sí i."

"Adájọ́ bi ẹ̀gbọ́n ẹ pé ta ló fọwọ́ sí i fún lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ò rántí." Ó pòṣé. "Ẹni tó ń rántí ọjọ́ ìbí gbogbo ará àdúgbò!"

Ẹnu pẹ́ńsù kán.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa mú Olóǹtẹ̀, àbí? Bá mi pa ojú yẹn dà. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ ẹ́. Ojú ẹnikẹ́ni, kó ṣáà má jẹ́ ti bàbá ọmọ mi."

"Màá pa á dà, Aǹtí. Ẹ mú ọmọ náà dání wá lọ́jọ́bọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí i."

Ó ya ojú onírùngbọ̀n, ó pa á rẹ́. Ó ya ojú àgbàlagbà, ó pa á rẹ́, títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó gbé dígí kékeré ka iwájú, bó ti máa ń ṣe tó bá fẹ́ ya ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Nígbà tó parí, ó fọ búrọ́ọ̀ṣì, ó gbálẹ̀ yàrá, ó dá kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ padà fún onílé, àfi èyí tó máa fi ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì.

Ìyá àti ọmọ bá a lórí àga, ó ti wọ bàtà, báàgì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó na àpòòwé sí wọn.

"Ó mà wúwo o," ni ìyá wí. "Ṣé ìwé nìkan ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó wo ìwé."

Ọmọ náà fa ìwé jáde. Àwọn ọlọ́pàá ti di Olóǹtẹ̀ mú, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ orí pípá àti awò ojú kúrò bí ẹni bọ́ fìlà. Ọmọ náà wo ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó wo ọkùnrin tó jókòó sórí àga.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin mà nìyí!"

Ìyá rẹ̀ dojú àpòòwé dé, òǹtẹ̀ onígi kan tí etí rẹ̀ kán já bọ́ sórí tábìlì, tàdáwà ọdún mẹ́ta ti gbẹ mọ́ ọn lójú.