Òógùn Òru

Kí Ìyá Aránṣọ tó kúrò nílé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti kọ àìsàn náà sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé pélébé kan, nítorí pé dókítà kì í fún ènìyàn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Òógùn òru, oṣù kẹta rèé. Ikọ́ gbígbẹ. Egbò ẹnu. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tí kò fẹ́ gbé ara mọ́. Ìgbàgbé. Ó wo aṣọ ibùsùn mẹ́ta tí ó sá sórí okùn lẹ́yìn ilé, omi ṣì ń kán lára wọn. Ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́ kí ó má baà dún.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé ilé ìwòsàn láàárín àwọn tí ń gba oògùn HIV. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń bá lọ lónìí: kí wọ́n pààrọ̀ oògùn náà, nítorí èyí tó wà ńlẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí wọn kò bá pààrọ̀ rẹ̀, ikú ni.

Bẹ́ǹṣì gígùn tó wà lẹ́bàá ògiri ilé ìwòsàn náà ti ń ṣófo díẹ̀díẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ṣì ń wá, òmíràn pẹ̀lú ọ̀pá, òmíràn pẹ̀lú ìbàdí tó yẹ̀. Àwọn ọkùnrin ni kò sí mọ́. Ìyá Aránṣọ mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn máa ń jókòó sí, kì í sì í jókòó síbẹ̀. Bàbá Káfíńtà nìkan ló kù nínú wọn.

"Aránṣọ, ò ń tàn yòò o."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ara ò yá."

"Ara ò yá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dán. Ọjà wo lo ti ra irú àìsàn yẹn, kí n lọ ra tèmi?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Nígbà tó mú yín gan-an, Bàbá, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?"

"Kò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin lẹ máa ń rí ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọlanke tí mo fi ń kó pákó ni wọ́n fi gbé mi dé ibí. Ọkùnrin kì í wá síbí, wọ́n máa ń gbé e wá ni."

Ìyá Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nọ́ọ̀sì pè é, ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó fi kílò kan sanra ju ti ìgbà tó kọjá lọ.

Ọmọ ilé-ìwé ọkọ rẹ̀ ni dókítà náà tẹ́lẹ̀. "Ọ̀gá Àgbà ńkọ́, Mà?"

"Wọ́n wà. Wọn ò fẹ́ràn ilé ìwòsàn."

"Bàbá mà gbìyànjú lórí yín o. Ọkọ mìíràn ì bá ti kó ẹrù yín síta." Gbogbo àdúgbò ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí fáìlì. "Ẹ̀jẹ̀ yín dára ju tèmi lọ. Gbogbo ìgbà tí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, kòkòrò náà ò yọjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Oògùn yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́, Dókítà. Ẹ bá mi pààrọ̀ ẹ̀."

"Kí lẹ rí?"

Ìyá Aránṣọ ka ìwé náà sí i létí tán láìgbójú sókè.

"Ẹ la ẹnu."

"Egbò yẹn ti jinná lánàá."

"Ẹsẹ̀ wo ló ń yọ yín lẹ́nu?"

"Òsì." Ó wo ìwé. "Ọ̀tún."

Dókítà fi bírò sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Nǹkan oṣù yín ti dúró, àbí?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́fà."

"Òun nìyẹn. Ooru ara tó máa ń tẹ̀lé e máa ń le lára àwọn obìnrin tó ń lo oògùn yìí. Eegun ń fúyẹ́, ìgbàgbé ń wọlé. Ọjọ́ orí ni, Mà. Kì í ṣe oògùn."

Ìyá Aránṣọ ṣẹ́ ìwé náà po. "Tó bá jẹ́ ọkùnrin ló wá sọ gbogbo èyí fún yín ńkọ́?"

"Ọkùnrin? Èwo ni ti ọkùnrin pẹ̀lú òógùn òru? Mi ò ní jẹ́ kó padà sílé. Lónìí yìí ni máa yẹ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ wò, máa gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, máa sì wá oògùn mìíràn fún un. Ṣùgbọ́n ara yín kì í ṣe ara ọkùnrin. Ẹ má dẹ́rù ba ara yín."

"Ẹ ṣáà pààrọ̀ ẹ̀."

"Lórí ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ báyìí? Ọ̀gá mi á ní orí mi dàrú."

Ó dìde. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, kò sì ṣí i. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí dókítà fi gbójú sókè.

"Ṣé ó ku nǹkan kan, Mà?"

"Rárá. Ẹ ṣeun."

Wọ́n fún un ní oògùn oṣù mẹ́ta, irú ti tẹ́lẹ̀.

Oòrùn ti ga nígbà tó délé. Ó bu omi sínú ife, ó ka oògùn kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì wọ yàrá. Wọ́n ti ta aṣọ dí fèrèsé, inú ibẹ̀ ṣókùnkùn.

"Ṣé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀?" Ohùn náà kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

"Wọn ò pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni."

Lẹ́yìn náà ni ó gbé orí ọkọ rẹ̀ sókè, ó sì fi oògùn náà sí i lẹ́nu láàárín egbò, bí ó ti ń fi fún un láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, láti ọjọ́ tí Ọ̀gá Àgbà ti mú ìwé àyẹ̀wò ara rẹ̀ ti òkèèrè bọ̀ pẹ̀lú orúkọ ìyàwó lórí rẹ̀, tí ó ní òun kò lè bá àwọn ọmọ tí òun ti nà ní pàṣán jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí obìnrin náà, ẹni tí kòkòrò kò wọ ara rẹ̀ rí, sì dìde lọ na apá fún abẹ́rẹ́ nípò rẹ̀.