Ojú Irin Orí Tábìlì ní Idoani

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá wa sí.

"Bàbá, ẹ tì í!" Olóṣèlú tó ṣèlérí rélùwéè fún Idoani ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó gé ríbọ́ọ̀nù. Bàbá, awakọ̀ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, wo ọkọ̀ kékeré tó fi agolo mílíìkì kàn fún odindi ọdún kan. Aṣọ àsíá bo apá kan tábìlì tí wọ́n to ojú irin kékeré sí.

"Ọlọ́lá, ṣé inú èyí niṣu wa máa wọ̀?" ni Agatha oníṣu bi í.

"Àpẹẹrẹ ni, ìyá. Ti gidi ń bọ̀."

Bàbá gbàdúrà, ó tì í. Ọkọ̀ sáré wọ abẹ́ aṣọ, ó já bọ́, agolo fọ́n ká ilẹ̀. Wọ́n ká aṣọ: ojú irin ò ju ìdajì tábìlì lọ. Àna olóṣèlú ló gba kọ́ńtíráàtì ojú irin náà.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ìyókù di sáà kejì," ni olóṣèlú wí.

Kí Olúwa má jẹ́ kí ọ̀nà tiyín já lágbedeméjì. Àmín.