Ọlọ́ṣẹ Tí Ojú Ò Kúrò Lára Rẹ̀

Kí Mojoyin tó bọ́jú láàárọ̀ ló ti ń kí àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọṣẹ dúdú ló ń tà lórí ẹ̀rọ ayélujára láti Ìsẹ́yìn, òfin ọjà náà sì ni pé kí olùtajà wà lójú kámẹ́rà látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó bá pa kámẹ́rà rẹ̀, ìsọ̀ rẹ̀ parẹ́ nìyẹn.

Ó ń gún ọṣẹ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bọ́látitó, wọlé láì kan ilẹ̀kùn.

"Màmá ti sinmi," ó ní. "A ti fẹ́ wẹ òkú wọn. Dìde ká lọ."

Mojoyin bú sẹ́kún. Lójú ẹsẹ̀ ni ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tà wìtìwìtì, ohùn àwọn oníbàárà sì ń jáde látinú ẹ̀rọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ẹ gbé wa dání, ẹ má dá nìkan lọ."

Ó so kámẹ́rà mọ́ àyà, ó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu yàrá ìyá wọn, Bọ́látitó na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Ìwọ nìkan ni kó wọlé. Màmá kì í ṣe ọjà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìsọ̀ yìí ló ń bọ́ àwọn ọmọ mi. Ẹ mọ̀ pé wọn ò ní baba."

"Mo mọ̀."

Kò bínú. Ó kàn wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Mojoyin ń gbọ́ ìró omi nínú yàrá. Ó di kámẹ́rà náà mú, ó fẹ́ yọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Níkẹyìn ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn níta, ó sì dá oníbàárà kan tó ń béèrè ọjà lóhùn pé ọṣẹ ṣì wà.