Dúrósinmí Tó Kọ Ìpàdé Ẹnuwá

Mo ti rí agbéraga púpọ̀ nílùú Ifẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ti Dúrósinmí ló sú mi jù. Àwọn mìíràn a máa fi owó ṣe tiwọn, àwọn mìíràn a fi ilé. Kọ̀ǹpútà ni Dúrósinmí fi ń ṣe tirẹ̀. Ó gbà pé ohun tí òun kò bá mọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n; ẹni tó bá sì ní òun mọ̀ ọ́n, irọ́ ló ń pa.

Lọ́dún 1996, òun ló ń ṣe àbójútó dátábéèsì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìlódè. Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án aláìsàn ló wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀: àìsàn tó ṣe wọ́n, oògùn tí wọ́n lò, èyí tí ara wọn kọ̀. Òun náà ló gba Dókítà Adésọjí, tó ni ilé ìwòsàn náà, nímọ̀ràn pé kí wọ́n dáná sun àwọn káàdì àtijọ́ tí wọ́n ń kọ ìtàn aláìsàn sí tẹ́lẹ̀, wọ́n sì sun ún. Ó ní eku lásán ni wọ́n ń fi wọ́n bọ́. Dókítà sì ti ṣèlérí pé bí ẹ̀ka tuntun bá ṣí lóṣù Kẹwàá, Dúrósinmí ni yóò jẹ́ ọ̀gá àkọsílẹ̀ fún ẹ̀ka méjèèjì.

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ifẹ̀ nígbà náà kò ju mẹ́tàlá lọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń pàdé ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò ní Ẹnuwá. N kò ní parọ́ fún yín, àwọn náà lẹ́jọ́ jù. Bí wọ́n bá fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, wọ́n á fi méjì jiyàn lórí ẹni tí yóò jẹ́ alága. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ṣe ẹnì kan, gbogbo wọn ló ń gbọ́.

Bushrah, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, lọ pè é lóṣù Kẹfà. Ìgbà kẹta nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá lóṣù yìí. Fáírọ́ọ̀sì kan, àrùn kọ̀ǹpútà, ti wọ̀lú. Kì í ba fáìlì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ bí ikán."

Dúrósinmí rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ bisikíìtì lókè onífọ́tò, kí lẹ fẹ́ kọ́ mi? Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń ṣe ẹ̀dà fáìlì mi sórí dísíkẹ́ẹ̀tì."

"Ọ̀wọ́ dísíkẹ́ẹ̀tì mélòó lẹ ní?"

"Ọ̀kan. Mo máa ń pa tọ̀sẹ̀ tó kọjá rẹ́, màá sì kọ tuntun lé e."

"Háà! A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mẹ́ta là ń ní: ọmọ, bàbá, àti bàbá àgbà. Tọ̀sẹ̀ yìí lọmọ, tọ̀sẹ̀ tó kọjá ni bàbá, toṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni bàbá àgbà. Bí ọmọ bá kó àrùn, à á sá tọ àwọn àgbà lọ."

"Bá mi kí bàbá àgbà yín. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Dúrósinmí ní òun kò fẹ́ tẹnikẹ́ni.

Lóṣù Keje, Nọ́ọ̀sì Mojíre ké sí i. "Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan. Kọ̀ǹpútà ní Bàbá Àjàgbé lóyún oṣù méje."

Bàbá Àjàgbé, àgbẹ̀ ẹni àádọ́rin ọdún, wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú wọn. "Ta ló fún mi?" ni bàbá bi wọ́n. "Ẹ ní kó wá fojú han ìyàwó mi o."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, àfi Dúrósinmí. "Mojíre, ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ ṣì. Ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe."

"Èmi kọ́, ọ̀gá. Lánàá, ẹ̀jẹ̀ ríru ló kọ sórúkọ ọmọ ọdún méjì."

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí! Ó tún orúkọ méjèèjì yẹn ṣe, ó bú nọ́ọ̀sì, nígbà tó sì di ọjọ́ Ẹtì, ó pa ẹ̀dà tó dára díẹ̀ rẹ́, ó kọ èyí tó ti bàjẹ́ lé e.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kẹsàn-án, wọ́n gbé Hàjàrá, aláboyún kan, wá láti Sábó. Kọ̀ǹpútà ní kò sí oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀. Nọ́ọ̀sì ti mú abẹ́rẹ́ dání nígbà tí obìnrin náà figbe ta: "Ẹ má gún mi ní ìyẹn! Òun ló fẹ́ẹ̀ pa mí lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ sílẹ̀!"

Ọlọ́run ló yọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ló sì gbà á. Dókítà Adésọjí yẹ àkọsílẹ̀ mẹ́wàá wò, irọ́ ni méje. Ó ní kí Dúrósinmí gbé ẹ̀dà wá. Wọ́n ṣí ẹ̀dà: irọ́ kan náà.

Dúrósinmí sáré gba Ẹnuwá lọ. Ó gun àtẹ̀gùn onífọ́tò, òógùn bò ó. Wọn kò lé e. Bushrah àti Àyàndá, tí í ṣe alága, tẹ̀ lé e padà, láàárín wákàtí kan wọ́n sì ti rí fáírọ́ọ̀sì náà, wọ́n pa á.

"Àrùn ti lọ," Bushrah wí. "Ẹ gbé ẹ̀dà àtijọ́ wá ká fi rọ́pò."

"Kò sí."

"Toṣù mẹ́ta sẹ́yìn ńkọ́?"

Dúrósinmí ń wo ilẹ̀. Dókítà ló dáhùn: "Ṣé káàdì tí o ní kí n dáná sun lò ń wá nílẹ̀ yẹn?"

Àyàndá ni wọ́n fún ní ipò ọ̀gá àkọsílẹ̀. Wọ́n gbé àga kékeré kan fún Dúrósinmí sẹ́nu géètì, pẹ̀lú ìwé àti báírò, kó máa bi aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ìtàn ara rẹ̀ lákọ̀tun. Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín, Mà?"

"Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi ni?"

"Rárá, Mà. Àìsàn wo ló ti ṣe yín rí?"

Ìyá náà tú gèlè, ó fìdí lélẹ̀ dáadáa. "Ó dáa. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ jòjòló." Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ti dé títì.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yín dáadáa. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ẹ máa bá àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín pàdé, bí ẹjọ́ wọn tilẹ̀ pọ̀, bí ọmọdé tilẹ̀ ni akọ̀wé wọn. Ewu tó ti dé bá ẹnì kejì yín lẹ máa gbọ́ níbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó bá sì lóun nìkan ló gbọ́n, kò burú. Ṣùgbọ́n kó má fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ dán ọgbọ́n náà wò.