Ẹni Tó Tọ́ Ọbẹ̀ Mi Wò

Bí oyin ni orúkọ Gbọ́lágadé ń dùn lẹ́nu mi, títí di alẹ́ tí mo kọ́kọ́ dáná nílé rẹ̀. Ó ní bí ọbẹ̀ mi bá dùn, lọ́jọ́ Sátidé ni òun yóò mú mi lọ han ẹbí òun.

Kí ó lè gbóná, mo gbé ọbẹ̀ adìyẹ tí mo sè sínú máíkírowéfù tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ kú. Kò pẹ́ tó fi dákẹ́, tó kọ E3 sójú. Ìwé ìlò rẹ̀ ní ìtumọ̀ E3 ni pé ilẹ̀kùn kò padé. Ilẹ̀kùn sì padé gbọningbọnin. Mo ké sí Gbọ́lágadé.

"Ìbídùn mi, yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, kí o ka ení títí dé ọgọ́ta," ló pariwo láti pálọ̀. "Ṣé o ti tọ́ ọbẹ̀ yẹn wò?"

"Rárá o. Ìwọ ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́, adé orí mi."

"Háà! Nílé tiwa, wọn kì í gbé oúnjẹ tí ẹnì kan ò tọ́ wò fún ọkùnrin."

Mo yọ wáyà, ṣùgbọ́n E3 ṣì ń tàn. Mo ka dé ogún, mo gbọ́ tí nǹkan kan ń jẹun nínú rẹ̀ ṣámúṣámú. Òórùn ẹnu tí wọn ò fọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ gba ilé ìdáná kan. Mo ṣí i. Wọ́n ti gé itan adìyẹ náà jẹ, ojú eyín sì hàn níbẹ̀. Itọ́ ń fà yọ̀ọ̀ lára rẹ̀, irun ewú kan sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Gbọ́lágadé wọlé, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Màmá ti tọ́ ọ wò. O ti di ìyàwó wa nìyẹn."

Ó gé e jẹ lójú eyín yẹn gan-an, ó wá na ìyókù sí mi lẹ́nu, tòun ti irun.

"Lanu, olólùfẹ́."