Ìkúnlẹ̀ Òwúrọ̀

Nígbà tí Fadérera fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ilé ìkàwé gba dígírì kejì, ó ní inú ilé ni òun yóò jókòó sí kà á.

"Nítorí yín ni, Màmá. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa bá yín gbé?"

Inú ìyá rẹ̀ dùn. Àmọ́ láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ọmọ yóò ti gbé jígí dúdú ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tó ń bo ojú bo etí, tó ń fi kíláàsì hàn án, sórí, yóò sì máa to ìwé tí ẹlòmíràn kò rí sínú afẹ́fẹ́ pálọ̀. Ìyá a gbé ẹ̀kọ gbígbóná kalẹ̀, ẹ̀kọ a sì tutù síbẹ̀.

Lówúrọ̀ ọjọ́ kan, Fadérera yíjú sí i, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ara ìyá yá gágá, ó fi oríkì ọmọ náà dá a lóhùn. "Àyọ̀ká, ọkọ mi! Ọmọ afínjú tí í gbálẹ̀ kí oòrùn tó yọ..."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà. Mo ti to ti àná tán."

Tíṣà inú jígí, ẹ̀rọ tí kì í ṣe ènìyàn, ni Fadérera ń kí.

Ṣùgbọ́n a kì í ki ọmọ dé ìdajì ká sinmi. Ìyá ń bá oríkì náà lọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọmọ dìde, ó yà fún un bí ẹni yà fún àga, ó kọjá.